Àwòrán Tí Ìyá Ìbejì Fi Ránṣẹ́

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Ràfíátù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Mo rí àwòrán náà kí ó tó kúrò ní Bouaké. Mo mọ ohun tí wọn yóò rí nínú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sì dákẹ́.

Sìdíkátù ni orúkọ mi, abọ́ tánganran ni mo ń tà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọkọ tó gbé mi wá sí Bouaké. Ràfíátù, tí a jọ ń gbé agbo ilé kan ní àdúgbò N'Gattakro, kò rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Bouaké ni wọ́n bí i sí. Ó lọ sílé ìwé Faransé, ó ń fi Dioula ná ọjà, ó ń bá àwọn aládùúgbò sọ Baoulé, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ó fi ń sọ Yorùbá fún wa. Tantí ni ó ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀. Èmi ń pè é ní Ìyá Ìbejì, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni ó ń ṣe. Ange, ọkùnrin Baoulé kan tó máa ń ya orí oríṣiríṣi sára pátákó àwọn onígbàjámọ̀, ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gun àkàbà lójú títì, àwọn èèyàn wa pariwo. Wọ́n ní ọmọ Anago, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ọmọ mùsùlùmí, obìnrin, ló wà lókè tó ń kun imú ọkùnrin. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ràfíátù kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun kì í gbélẹ̀; bí òun kò bá fún un ní búrọ́ọ̀ṣì, yóò wá ohun mìíràn tí yóò fi yàwòrán.

Ọ̀dà yìí náà ló fún un lọ́kọ. Ọlábọ̀dé, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà, ní kí ó ya alùpùpù kan sí pátákó ìsọ̀ òun. Ó yà á. Ọlábọ̀dé ka sípóòkù táyà rẹ̀, ó pé. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní iná ẹ̀yìn kò pọ́n tó. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta, kò rí ohun tí yóò bù kù mọ́, ó kàn jókòó. Mo wà níbẹ̀, mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ojú fi tì wọ́n. Wọ́n fẹ́ra wọn, kì í ṣe ìfẹ́ orí ahọ́n. Nígbà tó yá Ọlọ́run fi ìbejì obìnrin ta wọ́n lọ́rẹ, Táyé àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n jọra débi pé ohùn ni ìyá wọn fi ń dá wọn mọ̀.

Ní ọdún 2002, tí àwọn ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, ránṣẹ́ pe Ràfíátù. Ó ní ògiri kan tó gùn tó ogójì ìṣísẹ̀. Ó fẹ́ kí ó ya ìrìn òwú sí i, láti oko títí ó fi di aṣọ lára èèyàn. Kò sí ẹni tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé obìnrin lọ́wọ́ rí. Ange tó kọ́ ọ pàápàá kò rí irú rẹ̀ gbà rí. Lọ́jọ́ náà, Ràfíátù ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọtí ń pa, òun tí kì í fẹnu kan ọtí. Ó ya oko òwú, ó ya àwọn tó ń ká a. Ó kan àwọn tó ń rànwú, ni ìbọn dún.

Oṣù Kẹsàn-án ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. A há sínú ilé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀nà gúúsù là díẹ̀, àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Djébonoua, wọ́n ru tìmùtìmù lórí, wọ́n gbé ìyá wọn sínú ọmọlanke. Ọlábọ̀dé rí àyè nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan.

"Ìyá Ìbejì, di ẹrù," ni ó wí. "Ọ̀sán ò gbọdọ̀ bá wa nílùú."

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ògiri mi ò tí ì parí."

Ọlábọ̀dé wò ó títí. Ẹni tó ni ògiri ti sá lọ, ìbọn ń dún níta, ta ni yóò wá wo àwòrán? Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ògiri kì í sá, bí ìlú bá rọ̀, àwọn yóò padà wá bá a níbi tó wà. Ràfíátù ní rárá, bí òun bá fi í sílẹ̀ báyìí, òun kò ní í rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Nígbà tí ó rí i pé ọkọ òun ti ń gbé àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ó di Táyé mú lọ́wọ́.

"Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, Bàbá Ìbejì. Bí ẹ bá mú àwọn méjèèjì lọ, ẹ ò ní í rántí padà wá mú mi."

Èmi ni mo pariwo. "Ta ló ń pín ìbejì? Ràfíátù, a kì í pín ìbejì!"

"Tantí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni."

Kẹ́hìndé kò sunkún. Ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó di irin mú, ó ń wo èkejì rẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló di ọdún méjì.

Ọ̀nà dí kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Tẹlifóònù kú. Ilé ìwé tì, báńkì tì. Ràfíátù ń mú Táyé lọ sí Zone láràárọ̀, ó ń kun ògiri, ìbọn ń dún lápá ibì kan, òun ń po àwọ̀. Bí mo bá bá a wí, á ní bí òun bá jókòó sílé, òun á ya wèrè. Ó parí ògiri náà nínú oṣù Kejì. Ewúrẹ́ ló wá wò ó. Ni ó bá mú ògiri kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà Djébonoua: àwọn tó ru tìmùtìmù, àwọn tó gbé ìyá wọn sínú ọmọlanke, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Èyí ni àwọn èèyàn wá wò. Wọ́n á dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, wọ́n á sì lọ. Nígbà tó ṣe, òyìnbó kan pàápàá wá yà á ní fọ́tò.

Bó ti ń ṣe é tó, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó sọ fún mi pé bí òun bá ń lọ sí Zone, ẹsẹ̀ ọmọ méjì ni òun ń gbọ́ lẹ́yìn òun. Bí òun bá bojú wẹ̀yìn, Táyé nìkan ni. Táyé fúnra rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Bí mo bá bu oúnjẹ fún ọmọ náà, á bù ú sí méjì, á ti apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ń wo abọ́ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọdún kan kọjá kí a tó gbọ́ nǹkan. Bùràímọ̀, awakọ̀ ọmọ ìlú wa tó ń ná ọ̀nà àríwá lọ sí Ouaga, ló mú ìròyìn wá. Ó ní Ọlábọ̀dé kò lè gbé Abidjan, ojú ti ń le mọ́ àjèjì níbẹ̀, ó ti gbé Kẹ́hìndé lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ràfíátù ṣubú lulẹ̀, ó dúpẹ́, ó sunkún. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló ní òun máa fi àwòrán àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ọkọ òun, kí ó lè mọ̀ pé òun kò gbàgbé.

Kò sí fọ́tò Kẹ́hìndé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan tó wà, Ọlábọ̀dé mú un lọ, àwọn olè sì ti kó ìsọ̀ onífọ́tò àdúgbò. Ó mú aṣọ òwú funfun kan, ó kàn án mọ́ pákó, ó gbé Táyé jókòó lápá òsì láàárọ̀, ó yà á. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí Táyé bọ́ sí apá ọ̀tún, ó tún yà á, ó ní èyí ni Kẹ́hìndé. Eyín méjì iwájú Táyé ti yọ lásìkò náà. Nínú àwòrán, eyín méjì kan náà ni kò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì. Aṣọ ilé ìwé búlúù kan náà, ọrùn tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ó dára ju gbogbo ohun tó ti yà rí lọ. Ó pè mí kí n wá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá wọn a gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò a yà á lẹ́ẹ̀mejì, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè rí bí ẹni pé àwọn méjèèjì ṣì jọ jókòó. Ìyá a gbé e kọ́ sí yàrá. Bí ó bá se ẹ̀wà fún èyí tó wà láyé, á bù díẹ̀ síwájú fọ́tò. Àwọn aáfà ń bínú sí i, àwọn ìyá ń ṣe é. A kì í sì í sọ fún èyí tó kù pé èkejì rẹ̀ kú. Wọ́n ń sọ nílé wa pé ó lọ ra iyọ̀.

Ìyá tèmi gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ojú tí ó wò mí láti ara aṣọ funfun Ràfíátù, ojú ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ti rí i rí.

Ràfíátù ní, "Tantí, ẹ ò sọ nǹkan kan?"

Táyé fara ti orúnkún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ ikú létí ìbejì? Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Mo sọ fún ara mi pé ìwé ń bá a lọ, ìwé yóò ṣàlàyé. Mo ní, "Ó dára." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ó kọ ìwé sí ọkọ rẹ̀ ní Faransé, ojú ìwé mẹ́ta, ó ká àwòrán mọ́ ọn, ó fi lé Bùràímọ̀ lọ́wọ́. Ní corridor, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń yẹ ọkọ̀ wò lẹ́nu ìlú, ọmọ ogun kan tú u. Ó wo àwòrán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ yìí rẹwà. Ìwé ni kò fẹ́. Ó ní kò sí ìwé tó gbọdọ̀ jáde nílùú, ó fà á ya. Bùràímọ̀ kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ó dé Ouaga, ó fi àwòrán náà fún awakọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Nàìjíríà, ó sọ orúkọ agbo ilé fún un, ó tán. Gbogbo èyí, ẹ̀yìn ìgbà la tó gbọ́.

Oṣù mẹ́jọ kọjá, a ò gbọ́ èsì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Qoyyum, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ọlábọ̀dé, wọlé dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, erùpẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Kò jẹ́ kí a kí i tán. Ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún òkú. Ó ní Ọlọ́run ló fúnni, Òun náà ló gbà á, kí Ìyá Ìbejì mọ́kàn.

"Ta ló kú?" ni Ràfíátù bi í. "Kẹ́hìndé ni?"

Ibi tí Qoyyum ti ń wò ó tìyanu-tìyanu ni Táyé ti gbé omi wọlé fún un. Ọkùnrin náà fò dìde, ó gbá àga dànù, ó ń pe kálímà sókè. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó lè jókòó.

Ó sọ ọ́ fún wa. Àwòrán dé, kò sí ìwé. Ìyá Ọlábọ̀dé tú u, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n figbe ta. Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ wọn láàyè. Ta ni ì bá tún kú bí kò ṣe Táyé? Wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò lè fẹnu sọ ọ́ ni ó ṣe fi ọwọ́ yà á. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ. Ọlábọ̀dé dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ, kò mu. Nígbà tó dìde, ó ní ọ̀dà ló pa ọmọ òun, ó ní Ràfíátù fi ọmọ òun sílẹ̀ fún ìbọn nítorí ògiri. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n fẹ́ Hàúwà fún un. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí yàrá ìyá Ọlábọ̀dé. Wọ́n sọ fún Kẹ́hìndé pé Táyé lọ ra iyọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀wà síwájú àwòrán náà.

Ràfíátù kò sunkún. Ó yíjú sí mi. "Tantí, ẹ mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe máa kà á?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo jẹ̀bi, mi ò bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, ibà gbé Táyé dálẹ̀. Ràfíátù wá kanlẹ̀kùn mi, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "Wọ́n ń bọ́ ọ níbẹ̀ bí òkú. Tantí, kí ló ń jẹ ẹ̀wà yẹn?" Òun tó ka ìwé Faransé, òun tó máa ń fi àwọn èèwọ̀ wa rẹ́rìn-ín. Oògùn ibà wo ọmọ náà sàn, ṣùgbọ́n kò wo ìyá rẹ̀ sàn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mú Táyé dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n fojú kàn án láàyè, kí òun gba Kẹ́hìndé, kí òun kó àwọn ọmọ òun méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan. Ohun tó kù tó ń wá láyé nìyẹn. Mo ní èmi náà ń lọ. Gbèsè mi ni.

A gba Ferké, a gba Ouaga, a gba Parakou, a já sí Kìṣí. Ọjọ́ márùn-ún. Qoyyum ti ṣáájú lọ sọ fún wọn, síbẹ̀, nígbà tí a wọ agbo ilé, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ sún mọ́ wa. Ìyá Ọlábọ̀dé ló jáde wá, wọ́n fọwọ́ pa Táyé lórí, wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bú sẹ́kún.

Kẹ́hìndé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pé ọmọ ọdún méje. Ó wo Táyé láti òkè délẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ òsì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún.

"Iyọ̀ dà?" ni ó bi í.

Táyé ní, "Iyọ̀ wo?"

Kẹ́hìndé yíjú kúrò. Ó wọ yàrá lọ, ó lọ dúró síwájú àwòrán. Mo tẹ̀ lé e. Ó ń wo èyí tó wà lápá òsì, ó ń sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé àlejò yóò lọ láìpẹ́. Mo jáde. Mi ò lè dúró níbẹ̀.

Ọlábọ̀dé dé láti ìsọ̀. Ó rí Táyé, ó jókòó sílẹ̀ lójijì, nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá gbójú sókè sí ìyàwó rẹ̀.

"Mo ti sin ín, Ìyá Ìbejì. Mo ti sin ín tán."

"Bàbá Ìbejì, ẹ dárí jì mí."

Ojú tí ó fi wò ó, mo mọ̀ ọ́n. Ojú ẹni tó padà wá lọ́jọ́ kẹta tí kò rí nǹkan bù kù ni. Ìfẹ́ kò kú. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó ní yàrá wà, òun kò lé e, Hàúwà náà kò sọ pé kí ó má wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò gbọdọ̀ wọ ilé náà mọ́, títí láé. Bí kò bá sì lè gbé níbẹ̀, kí ó kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ, tàbí kí ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Òun kò ní í pín wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Kí àwọn aáfà tó ní kí wọ́n dáná sun àwòrán náà, Ràfíátù ní òun á tún un ṣe. Ó ní òun á pa ojú apá ọ̀tún rẹ́, òun á fi ojú Kẹ́hìndé gan-an sí i, kí ó lè di àwòrán ọmọ méjì tó wà láàyè. Ó mú ọ̀dà díẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ó gbé àpótí kalẹ̀ lójúde.

"Kẹ́hìndé, wá jókòó síbí. Mo fẹ́ yà ẹ́."

Ọmọ náà fà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. "Rárá. Bí ẹ bá yà mí, ẹ ó tún lọ."

 Ràfíátù dé ọ̀dà rẹ̀ pa, ó gbé àpótí wọlé. Ní ọ̀sán yẹn ló ní òun á dúró.

Ó sì gbìyànjú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò gbìyànjú, irọ́ ló ń pa. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi gbálẹ̀, tó fọṣọ, tó bá Hàúwà lọ ata, tí kò dárúkọ ọ̀dà. Àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn lọ́jọ́ kìíní. Kẹ́hìndé ti gbàgbé Faransé, Yorùbá Táyé kò tó ṣe nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn. Lọ́jọ́ kẹfà, bí a bá pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń jẹ́. Táyé kò bu oúnjẹ rẹ̀ sí méjì mọ́. Kò sì wá di aṣọ ìyá rẹ̀ mú mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún, ìyá Ọlábọ̀dé pe gbogbo wa sí ilé ìdáná. Ògiri kún fún èédú, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ Ràfíátù dé: ọ̀nà Djébonoua, àwọn tó ru tìmùtìmù, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun yà á. Mo gbà á gbọ́. Ọlábọ̀dé wo ògiri náà, kò bínú, ojú rẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ní, "Máa lọ síbi ògiri rẹ."

Ràfíátù bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n bá òun lọ. Ó kúnlẹ̀ fún wọn, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. Kẹ́hìndé ní òun kò lọ. Táyé wo ìyá rẹ̀, ó wo Kẹ́hìndé, ó lọ dúró lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Mo bínú sí Ràfíátù lọ́jọ́ náà débi pé ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Mo fẹ́ pariwo pé kí ó dúró, kí ó fara dà á, obìnrin mélòó ló ti pa ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ nítorí ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ yẹn, mo ti rí ògiri ilé ìdáná. Mi ò mọ̀ bóyá ó lágbára láti dúró. Títí di òní, mi ò mọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, Kẹ́hìndé sáré jáde, Táyé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ká àwòrán náà, ó fi okùn dì í. Ó nà án sí ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Màmá, ẹ máa mú wọn lọ," ni ó wí. "Àwa wà níbí."

A padà sí Bouaké. Ràfíátù parí ògiri kejì. Òyìnbó tó yà á ní fọ́tò tún padà wá, ó mú àwọn mìíràn wá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Ange ń fi í yangàn káàkiri ìlú. Inú mi dùn fún un, mi ò purọ́. N'Gattakro ṣì ń pè é ní Ìyá Ìbejì, ó sì ń jẹ́ wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé abọ́ tuntun lọ fún un, mi ò kanlẹ̀kùn. Ó ti gbé àwòrán náà kọ́ sí ògiri yàrá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bu ẹ̀wà sínú àwo kékeré méjì.

Ọ̀rọ̀ tún dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò gbé e mì.

"Ràfíátù," mo ní, "àwọn ọmọ yìí wà láàyè."

"Mo mọ̀, Tantí." Kò bojú wẹ̀yìn. Ó tún ẹ̀wà tó wà lápá òsì ṣe dáadáa. "Èmi ni mo lọ ra iyọ̀."